Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò tó kọ̀ tí kò jí: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò létòlétò, ẹ má fi ẹ̀mí wewu

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí àkọlé òkè yìí, wọ́n á ní kí ló kan nọ́ọ̀sì kan ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Ó kàn mí o, ó sì kan ẹ̀yin náà. Ẹni tí bẹntiróòlù bá jó lójú nídìí mọ́tò, ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé e wá. Ẹni tó bá fi ẹnu fa epo tí kò wá lè mí dáadáa mọ́, àwa náà la máa tọ́jú ẹ̀. Owó tí baálé ilé sì ń dà sórí ẹ́ńjìnnì tí kò jí, inú owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló ti ń yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ inú ilé sì ni pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lágbègbè Ìkẹjà àti Agége mọ ohun tí mò ń sọ. Láti Ọba Akran dé Ọ̀gbà, láti Dópẹ̀mú dé Pen Cinema, ìsọ̀ mẹkáníìkì kò jìnnà síra wọn. Bẹ́ ẹ bá wo inú àwọn ìsọ̀ yẹn dáadáa, ẹ ò ní ṣàì rí Peugeot 504 àtijọ́ kan tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mọ́tò yìí jáde nílẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé-iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó nílẹ̀ wa. Láyé ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ nílé-iṣẹ́ ńlá ńlá Ìkẹjà, ọ̀gá tó bá ń gbé 504 wọlé, gbogbo àdúgbò ló ń kí i. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kẹ́ àwọn mọ́tò alágbára tí wọ́n ń pè ní muscle car, irú Pontiac GTO tó jáde ní 1964, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá tiwa ò fẹ́ kí 504 wọn kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ palẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ písítìn àti ríìngì, kí wọ́n lọ fáàfù, kí wọ́n wá tún un tò.

Ohun tó wá sábà máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Wọ́n tò ó tán, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò jí. Mẹkáníìkì ní kọ́ìlì ni, wọ́n sáré lọ sí Ládípọ̀ ní Mùṣín lọ ra kọ́ìlì. Kò jí. Wọ́n ní kábúrétọ̀ ni, wọ́n tún lọ. Kò jí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, inú ti ń bí gbogbo wọn, ẹnì kan á bu bẹntiróòlù sínú ike, á ní òun fẹ́ da díẹ̀ sí kábúrétọ̀ lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò, bó bá kọ̀ tí kò jí, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe pé ohun tuntun kan bà jẹ́ nínú ẹ̀. Nǹkan kan ni wọn ò dá padà sí àyè ẹ̀, tàbí tí wọ́n gbàgbé láti so. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ padà síbi tí ọwọ́ ti kàn án.

Nílé ìwòsàn, bí wọ́n bá gbé ẹni tó dákú wọlé, a kì í kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ oríṣiríṣi. A ó wò ó bóyá ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ là, bóyá ó ń mí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń lọ déédéé lára ẹ̀. A ó máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bá a ṣe ń wò ó. Ẹ́ńjìnnì náà ní ohun mẹ́rin tó fi ń wà láàyè: iná, epo, atẹ́gùn, àti àkókò tí iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, kò ní jí. Bẹ́ ẹ bá yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mọ èwo ló yẹ̀.

KẸ́ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN ÁN

Ẹ gbé mọ́tò síta gbangba, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀, kì í sì í ṣe ojú fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gíà. Kí àwọn ọmọdé kúrò nítòsí. Ẹni tó ń mu sìgá, kó lọ mu ún ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbé ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun sí tòsí, bí kò bá sí, kí garawa yanrìn wà ńlẹ̀. Ẹ má fi omi pa iná bẹntiróòlù o, ńṣe ni omi máa gbé iná yẹn kiri.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì, ẹ wo omi inú rédíétọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ni wọ́n ń gbàgbé láti da ọ́ìlì sí.

Ẹ FETÍ SÍ I

Bẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tó dákẹ́, tàbí tó kàn dún "tà" lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tíì wo plọ́ọ̀gì. Bátìrì ni kẹ́ ẹ wò, àti orí ẹ̀ bóyá ó le, bóyá ìdọ̀tí funfun ti bò ó. Ẹ tún wá wáyà ńlá kan tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò, èyí tí àwọn rẹ̀wáyà ń pè ní áàtì. Wáyà yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé sílẹ̀ jù lọ bí wọ́n bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Bí wọ́n bá sì so ó mọ́ ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, iná ò ní kọjá dáadáa, nítorí ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá.

Bó bá ń yí ṣùgbọ́n tó ń yí pẹ̀lú ìnira, ẹ rántí pé ríìngì tuntun máa ń fún mọ́ra, bátìrì tó rẹ̀ ò sì ní lè gbé e. Ẹ ṣáájì bátìrì náà dáadáa. Àmọ́ bí kò bá yí rárá, ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́. Bó bá há pátápátá, ẹ dúró. Ẹ má tì í, ẹ má fi mọ́tò mìíràn fà á. Nǹkan kan ti há nínú, ẹni tó tò ó gbọ́dọ̀ tún un tú. Bẹ́ ẹ bá fi agbára yí i, ohun tó ṣeé tún ṣe lè di ohun tó fọ́.

Bátìrì náà ní ewu tiẹ̀. Ásíìdì wà nínú ẹ̀, gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì ẹ̀ sì lè bú gbàmù bí iná bá ṣẹ́ nítòsí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yá iná lára mọ́tò mìíràn, wáyà pupa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so sórí bátìrì méjèèjì. Kẹ́ ẹ wá so wáyà dúdú mọ́ bátìrì tó lágbára, kẹ́ ẹ sì fi ìdí kejì ẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì tiyín, níbi tó jìnnà sí bátìrì.

INÁ

Bó bá ń yí dáadáa tí kò jí, iná plọ́ọ̀gì ló kàn. Ẹ dá gbogbo plọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ yọ padà síhò wọn, kẹ́ ẹ wá lo plọ́ọ̀gì kan lọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ fi í sẹ́nu wáyà ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ara plọ́ọ̀gì náà lé irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi ìmúnrin onírọ́bà mú un o, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un, nítorí iná tó ń ti ara kọ́ìlì jáde lágbára púpọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí àìsàn ọkàn, kó má sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Bẹ́ ẹ bá sì rí ibi tí epo ti ń jò, ẹ má dán an wò títí ẹ ó fi dí i, tí ibẹ̀ á sì gbẹ.

Bí iná búlúù bá ń ṣẹ́ ṣáṣá, iná wà, ẹ kọjá sórí epo. Bó bá jẹ́ iná pupa rẹ́súrẹ́sú, tàbí tí kò sí rárá, ẹ ṣí orí dísítíríbútọ̀. Lára 504 àtijọ́, kọ́ńtáàtì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé. Ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí tó nǹkan bíi 0.4 mìlímítà nígbà tó bá ṣí tán. Bí wọn ò bá ṣètò ẹ̀, tí ọ́ìlì kan án, tàbí tí ìpatà wà lẹ́nu ẹ̀, kò ní sí iná. Kọ́ìlì tuntun tẹ́ ẹ rà ní Ládípọ̀ kò ní tún ìyẹn ṣe.

EPO

Mọ́tò tó ti wà nísọ̀ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, epo inú táǹkì ẹ̀ ti lè bà jẹ́. Ẹ gbóòórùn ẹ̀. Bó bá ń rùn bí ọ̀dà igi, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fà á dà nù níbi tí kò ní ṣe ènìyàn léṣe, kẹ́ ẹ ra tuntun. Kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá epo ń dé kábúrétọ̀, ẹ ṣí ìdérí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹnì kan wá tẹ pẹ́dà epo lẹ́ẹ̀kan. Epo gbọ́dọ̀ tu jáde tín-ín-rín nínú kábúrétọ̀. Bí kò bá tu, ẹ wo rọ́bà epo bóyá ó ká, tàbí bóyá wọ́n gbé èyí tó yẹ kó wọlé síbi tó yẹ kó jáde lára pọ́ọ̀ǹpù.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ẹ má fi ẹnu fa epo. Pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń fa epo kò wọ́n tó owó ọjọ́ kan nílé ìwòsàn. Bẹntiróòlù kì í ṣe nǹkan tó kàn ń ba inú jẹ́ lásán. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ bó bá gba ọ̀nà òdì, díẹ̀ ló sì máa bà á jẹ́. Bó bá ti kan ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kó bì, nítorí bó ṣe ń bì í lè tún gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì. Mo mọ̀ pé epo pupa ni àwọn ìyá wa ń sáré gbé, àmọ́ ó lè mú kó bì, kì í sì í yọ bẹntiróòlù kúrò lára. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ bọ́ aṣọ tí epo kàn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Bó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń mí lọ́lẹ̀lọ́lẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má da bẹntiróòlù sínú ike omi mímu. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ẹ má sì fi fọ ọwọ́, ọṣẹ àti omi ti tó.

ATẸ́GÙN

Lẹ́yìn iná àti epo, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá písítìn ń fún atẹ́gùn mọ́ra nínú sílíńdà. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ní gééjì tó ń fi wọ̀n ọ́n. Bí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sún mọ́ra wọn, ó dára. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an, kó kán ọ́ìlì díẹ̀ síhò plọ́ọ̀gì ẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè lẹ́yìn ọ́ìlì, ríìngì ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni. Ẹni tó bá fún fáàfù jù nígbà tó ń tò ó, fáàfù yẹn ò ní lè pa dé tán, atẹ́gùn á sì máa sá jáde. Ṣíṣètò ẹ̀ padà kì í gba owó púpọ̀, sípánà àti sùúrù ló ń gbà.

ÀKÓKÒ

Bí iná wà, tí epo ń dé, tí atẹ́gùn ò sá, àkókò ló kù. Ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ti ń kọsẹ̀, ní Agége níbí àti ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Písítìn máa ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì kí plọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ná lẹ́ẹ̀kan. Ìgòkè kan jẹ́ ti fífún atẹ́gùn mọ́ra, ìyẹn ni iná gbọ́dọ̀ bá. Ìgòkè kejì jẹ́ ti títú èéfín dà nù. Bí ẹni tó gbé dísítíríbútọ̀ wọlé bá fi í sí ìgòkè ti èéfín, ohun gbogbo á pé, iná á máa ṣẹ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ò ní jí. Ńṣe lá máa yìnbọn gba ẹnu kábúrétọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Kí mẹkáníìkì yọ plọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, kó fi àtàǹpàkò dí ihò náà, kí ẹnì kan máa fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn bá ti àtàǹpàkò ẹ̀ jáde, tí àmì sì dé àyè ẹ̀, ìgòkè tòótọ́ nìyẹn. Orí dísítíríbútọ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjú sí wáyà sílíńdà kìíní lákòókò náà.

Ẹ kíyè sí i pé Peugeot ní àṣà tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò Japan, iwájú níbi rédíétọ̀ ni wọ́n ti ń ka sílíńdà kìíní. Lára 504, ẹ̀yìn níbi gíà ni wọ́n ti ń kà á. Ẹni tó ti fi Toyota kọ́ṣẹ́ lè wo àmì ní iwájú, kó sì so wáyà bí ẹni pé ẹ̀yìn ni. Iná náà á wá máa ṣẹ́ ní ìgòkè òdì. Ọ̀nà tí iná ń gbà ṣẹ́ lára ẹ́ńjìnnì yìí ni 1, 3, 4, 2. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan dé ìdí plọ́ọ̀gì ẹ̀.

Ìbọn tó ń yìn jáde ní kábúrétọ̀ yìí gan-an ló ń jó àwọn ènìyàn lójú. Ẹni tó bá tẹ orí wo kábúrétọ̀ nígbà tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́, ojú ara ẹ̀ ló ń fi sí ẹnu ìbọn. Ẹni tó bá wá mú ike bẹntiróòlù dání níbẹ̀, iná á gba inú ike náà dé ọwọ́ ẹ̀ àti àyà ẹ̀. Ẹ má da epo sí kábúrétọ̀ lẹ́nu, kódà bí wọ́n bá ní báwọn ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn.

BÍ IṢẸ́LẸ̀ BÁ WÁ ṢẸLẸ̀ Ń KỌ́?

Ẹni tí iná mú lára, kó má sáré. Kó dùbúlẹ̀, kó máa yí gbiri, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ nínípọn bò ó. Bí iná bá ti kú, ẹ bọ́ òrùka àti aago kí ọwọ́ tó wú. Aṣọ tí epo kàn náà, ẹ bọ́ ọ, àmọ́ èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ da omi tútù tó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ má fi ẹyin, ẹ má fi ògì, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín, ẹ má sì fi ọ́ìlì mọ́tò kùn ún. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, kẹ́ ẹ pe 767 tàbí 112. LASUTH wà ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbágadà náà sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó.

Bí ásíìdì bátìrì bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kẹ́ ẹ máa da sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì lọ sílé ìwòsàn bí ojú ò bá tilẹ̀ dùn ún mọ́. Bí orí bá ń fọ́ ẹni tó wà nídìí mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí èébì ń gbé e, ẹ yára gbé e lọ sínú atẹ́gùn. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní olóró kan tí kò lóòórùn, tí kò ṣeé fojú rí, ó sì ń pani lójú oorun.

BÓ BÁ TI JÍ

Ẹ má fi ayọ̀ tẹ epo gààrà. Ẹ wo iná ọ́ìlì níwájú yín. Bí kò bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíákíá, nítorí irin tuntun ń ha ara wọn láìsí ọ́ìlì. Nígbà tẹ́ ẹ ń gbìyànjú láti jí i náà, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí kíìkì sinmi fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó tún yí i. Bó bá sì gbóná, ẹ má ṣí rédíétọ̀. Omi tó ń hó níbẹ̀ ń bó awọ ojú.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ ò ní láti mọ sípánà kẹ́ ẹ tó ran bàbá lọ́wọ́. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Kí mẹkáníìkì tó gba owó mìíràn, ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ti rí iná? Ṣé epo ń dé? Atẹ́gùn sílíńdà kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi àtàǹpàkò wo ìgòkè ti kìíní?" Ẹ kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dán an wò kí wọ́n tó kan òmíràn. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá tilẹ̀ jí, kò ní mọ èyí tó jí i, èyí tó bá sì tún kọ̀ lọ́la, owó tuntun ni. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí ìbéèrè yìí, inú ẹ̀ á dùn pé ẹ bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀. Èyí tó bá ń bínú, ẹ tún èrò yín pa kẹ́ ẹ tó ka owó fún un.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá wa sí. Ẹ tọ́jú ara yín.